Ẹni Tó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Owó, Kí Ni Kó Kọ́? Àgbéyẹ̀wò Fáwọn Òbí àti Ọ̀dọ́ Máfolúkù

Lọ́dọọdún tí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ló máa ń jà ràn-ìn ní Máfolúkù: ọmọ tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ owó jẹun, ṣé Finance ni kó lọ kọ́ ní yunifásítì, àbí ọ̀nà mìíràn wà tó yá ju ìyẹn lọ? Àdúgbò yìí kò kúkú jìnnà sí owó. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là ti ń pe oníbàárà. Ọjà Òṣòdì kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ, alájọ sì ń kiri ibẹ̀ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Oní-POS ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí wọ́n júwe ilé fúnni, gbogbo òpópónà ló wà.

Ohun tó ń mú kí ìdáhùn pọ̀ ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni “iṣẹ́ owó”, ṣùgbọ́n ilé tó ní ju ẹyọ kan lọ. Báńkì wà nínú rẹ̀, abẹ́ Báńkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, sì ni wọ́n wà. Iléeṣẹ́ adójútòfò wà lábẹ́ NAICOM. Àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, tí òfin ọdún 2004 dá iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wà lábẹ́ PenCom. Àwọn alágbàtà ọjà ìpín ìdókòwò wà lábẹ́ SEC. Ohun tí ilé kan ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé, èkejì lè má kà á sí. Bí ẹnì kan bá ń fi ohùn gíga sọ pé “èyí nìkan ni ọ̀nà”, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé kan ṣoṣo ló mọ̀.

Àwọn tó ní Finance gan-an ni kó kọ́

Ìdáhùn yìí ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu òbí, ìdí sì wà fún un. Ẹ̀kọ́ náà wà ní UNILAG, ó wà ní LASU, méjèèjì sì jẹ́ ibi tí ọmọ Máfolúkù lè ti ilé lọ bó bá le. Krẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO ni wọ́n ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Economics gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ní JAMB, àwọn mẹ́ta yìí kan náà ni ọmọ yóò ṣe, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kan sí i. Ìṣirò ló máa ń dá ọ̀pọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an? Ẹ jẹ́ ká fi káàdì alájọ wò ó. Káàdì náà ní ojú 31. Ẹni tó ń dá 1,000 naira lójúmọ́ yóò ti dá 31,000 kí oṣù tó parí; 30,000 ni yóò gbà, 1,000 yòókù jẹ́ ti alájọ. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, owó iṣẹ́ alájọ kò ju nǹkan bíi 3 nínú 100 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Finance yóò tún un ṣírò. Yóò ní 1,000 ló wà lọ́wọ́ alájọ lọ́jọ́ kìíní, 2,000 lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gorí ara wọn títí ó fi di 31,000. Bí a bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ tí a pín in dọ́gba sórí ọjọ́ oṣù náà, 16,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó san 1,000 lórí 16,000 ti san 6.25 nínú 100 láàrin oṣù kan, ìyẹn 75 nínú 100 lọ́dún. Owó ara rẹ̀ ló sì fi pamọ́, kò yá kọ́bọ̀. Orí òye yìí ni ìdajì ẹ̀kọ́ Finance dúró lé: pé owó àti àkókò kì í ya ara wọn, pé iye tí wọ́n pè fún ọ lè má jẹ́ iye tó ò ń san. Ẹni tó bá ní òye náà lè jókòó sídìí ẹ̀yáwó, ìpín ìdókòwò tàbí owó ìfẹ̀yìntì, kó mọ ohun tó ń ṣe.

Agbára ọ̀nà yìí nìyẹn. Àléébù rẹ̀ kò kéré. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n kọ sórí ìwé, ṣùgbọ́n ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ, láti February títí di October. Ọ̀pọ̀ báńkì sì máa ń fi gbèdéke ọjọ́ orí sí ìpolówó iṣẹ́ wọn, èyí tí kì í sábà ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Ọmọ tó pẹ́ kó tó rí JAMB mú, tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ tún gba ọdún lọ́wọ́ rẹ̀, tó tún sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, lè dé ẹnu ọ̀nà báńkì kí wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Wọ́n tún máa ń sọ pé ìwé tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé ti gbó. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń ṣàkóso yunifásítì, gbé jáde ní 2022, tí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023, fi ìdá 30 nínú 100 sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ohun tó bá àyíká rẹ̀ mu kún un. Ibì kan lè fi ìdá náà kọ́ ọmọ ní Excel àti bí wọ́n ṣe ń ka àkọsílẹ̀ owó iléeṣẹ́. Ibòmíràn lè fi tún ohun àtijọ́ sọ. Ó yẹ kí òbí béèrè kó tó fi orúkọ ọmọ sílẹ̀.

Ti owó náà wà níbẹ̀. Ní July 2023, UNILAG kéde pé 126,325 naira ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun yóò máa san fún ẹ̀kọ́ tí kò nílò yàrá àyẹ̀wò. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ figbe ta, wọ́n dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀. Owó ẹ̀yáwó ìjọba, NELFUND, tí Ààrẹ fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní April 2024, kò ní èlé lórí, wọn kì í sì í béèrè rẹ̀ títí ọdún méjì yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ọmọ bá sin ìlú tán. Ilé ìwé ìjọba nìkan ló wà fún.

Kí n tó kúrò níbí: nínú ẹ̀ka kan náà tí Finance wà ní UNILAG, Actuarial Science and Insurance wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ṣíṣírò ewu fún iléeṣẹ́ adójútòfò àti ti owó ìfẹ̀yìntì. Ìṣirò rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ nílùú, mo sì rò pé àwọn òbí ń gbójú fò ó nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò dún bíi báńkì.

Àwọn tó ní ẹ̀kọ́ yòówù ló dọ́gba

Ìpín kejì ní báńkì kì í wo ohun tí o kọ́. Orí rẹ ni wọ́n ń wò. Ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ọmọ tuntun sábà máa ń jẹ́ ìṣirò kíákíá àti òye èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá yege, báńkì fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́ fún oṣù mélòó kan nílé ẹ̀kọ́ tiwọn. Ohun tí wọ́n ń rin kinkin mọ́ ni ipò tí o fi jáde, bóyá 2:1 tàbí first class, kì í ṣe orúkọ ẹ̀kọ́ náà.

Àwọn ẹlẹ́rìí wọn gbajúmọ̀. Amòfin ni Subomi Balogun tó dá FCMB sílẹ̀. Òfin ni Aigboje Aig-Imoukhuede kà ní Yunifásítì Benin kí òun àti Herbert Wigwe tó gba Access Bank ní 2002. Chemistry ni Ibukun Awosika kà ní Ifẹ̀, ó sì di alága First Bank ní 2015.

Ẹ̀rí náà kò ṣeé já ní koro, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Àwọn tí wọ́n ń dárúkọ yìí, olówó tó dá báńkì sílẹ̀, tó rà á, tàbí tó jókòó sórí ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ gba owó oṣù kò sí nípò kan náà pẹ̀lú wọn. Àwọn tó kọ́ Chemistry tí báńkì kò pè wà lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹnikẹ́ni kì í kọ orúkọ wọn sí ìwé ìròyìn. Ìkejì, ibi tí wọ́n máa ń gbé àwọn tó wá láti ẹ̀kọ́ mìíràn sí ni ìdí oníbàárà: kí wọ́n lọ wá owó wá sí báńkì, tágẹ́ẹ̀tì sì ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó kùnà tágẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó mọ ohun tó ń bọ̀. Láti ibẹ̀ bọ́ sí ìdí tí wọ́n ti ń ṣírò ewu tàbí tí wọ́n ti ń ra bọ́ǹdì ìjọba, ọ̀nà náà jìn fún ẹni tí kò ní ìpìlẹ̀. CBN pẹ̀lú ti gbé ìlànà jáde láti 2012 nípa ìmọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìdí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní. Ìpín kejì yìí tọ̀nà nípa bí èèyàn ṣe ń wọlé. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ni wọn kì í sọ.

Àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀

Ìpín kẹta ni ti ICAN tó jẹ́ ti àwọn oníṣirò owó, ACIB ti àwọn oníbáńkì, CIS ti àwọn alágbàtà ìpín ìdókòwò, àti CFA ti àwọn tó ń ṣàkóso owó ìdókòwò. Lójú wọn, dìgírì kàn ń gbé ọ dé ẹnu ìlẹ̀kùn ni, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ló ń ṣí i. Ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò nílùú yìí. Ní 1949 ni Akintola Williams di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè chartered accountant. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ICAN, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1965. Ó kú ní September 2023 lẹ́ni ọdún 104, orúkọ yẹn ṣì ń gba ọmọ níyànjú. Ti àwọn oníbáńkì, CIBN tó ń fúnni ní ACIB, bẹ̀rẹ̀ ní 1976 gẹ́gẹ́ bí Nigerian Institute of Bankers, òfin tó ń lò báyìí sì jẹ́ ti 2007.

Àǹfààní tó wà nínú rẹ̀ kò mọ sórí iyì. ICAN kì í retí kí o ní dìgírì kó tó gbà ọ́: ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama lè gba ọ̀nà ATS, ìdánwò ìpele ìsàlẹ̀ tiwọn, wọlé. Ẹni tó kọ́ Accounting nílé ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí yóò rí ìdánwò fò nínú rẹ̀. Ìwé náà kò béèrè pé ṣé Àkókà lo ti wá tàbí Ìsọlọ̀. Ẹni tó bá yege ti yege. Fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni ní Marina tàbí Victoria Island, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ti CFA ló yàtọ̀. Ìpele mẹ́ta ló ní, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń ṣàkóso owó ìdókòwò fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Dọ́là ni wọ́n fi ń san owó ìdánwò rẹ̀. Ní May 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi 460 naira lọ ní ọjà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di 2024 ó ti kọjá 1,500. Owó ìdánwò kan náà wá di ìlọ́po mẹ́ta lójú ẹni tó ń gba naira. Àléébù mìíràn tó kan gbogbo wọn ni pé ọ̀pọ̀ ń wọ̀ ọ́, wọn kì í parí rẹ̀. Alẹ́ ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ máa ń kàwé fún un, alẹ́ Òṣòdì kò sì fúnni ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ púpọ̀, iná mànàmáná kò tún dúró.

Bó bá jẹ́ báńkì nìkan ni ọmọ ní lọ́kàn, kò pọn dandan kó kó gbogbo ìwé ẹ̀rí wọ̀nyí jọ. Mélòó kan nínú àwọn tó ń kó wọn jọ ń sá fún ìpinnu ni.

Ọ̀rọ̀ pólì

Èyí kúrú, ó sì dunni. Yabatech ti wà láti 1947. LASPOTECH, tí Ìsọlọ̀ jẹ́ ibùdó rẹ̀ kó tó kó lọ sí Ìkòròdú, tó di yunifásítì ní 2022, kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ àgbègbè yìí ní Banking and Finance. Fola Adeola, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá GTBank sílẹ̀, ní Yabatech ló ti kọ́ Accounting. Síbẹ̀, lónìí, ọ̀pọ̀ báńkì ń gba ẹni tó ní HND sí ipò tó rẹlẹ̀ sí ti ẹni tó ní B.Sc., bí ìwé àti ọpọlọ wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ilé aṣòfin ti ń sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé àwọn yóò fagi lé ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó gba ọ̀nà pólì láìfi ICAN tàbí ACIB tì í lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ tí yóò bọ́ sí kò dára. Ẹni tó fi tì í, ó lè gba iwájú ẹni tó lọ yunifásítì.

Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà ló kù

Ìpín yìí kò tíì pé ogún ọdún tó fi ń pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ló ròkè jù báyìí. Wọ́n ní owó ti di kódù, ẹni tó mọ kódù ló mọ owó. Mitchell Elegbe tó dá Interswitch sílẹ̀ ní 2002, ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ló kọ́. Shola Akinlade àti Ezra Olubi ti Paystack, kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́ ní Babcock, Ìlíṣàn. Iléeṣẹ́ Stripe ra Paystack ní 2020 ní iye tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Odunayo Eweniyi tó wà lára àwọn tó dá PiggyVest sílẹ̀ ní 2016, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló kà ní Covenant, Ọ̀tà. Kí sì ni PiggyVest bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú? Kóló. Kóló onígi tí gbogbo wa mọ̀ ni wọ́n gbé sínú fóònù.

Agbára wọn ni pé iléeṣẹ́ wọ̀nyí kì í béèrè ọjọ́ orí tàbí ipò dìgírì tó bí báńkì ṣe ń béèrè. Ohun tí o lè ṣe ni wọ́n ń wò, ọmọ sì lè fi kọ̀ǹpútà alágbèéká àti dátà bẹ̀rẹ̀ nílé. Àléébù rẹ̀ ni pé ọwọ́ ìjọba lè bà á lójijì. Ní April 2024, CBN ní kí OPay, PalmPay, Kuda àti Moniepoint má gba oníbàárà tuntun mọ́. Ó di June kó tó tú wọn sílẹ̀. Ẹni tó mọ kódù ṣùgbọ́n tí kò mọ ìdí tí CBN fi bínú, apá kan iṣẹ́ náà ṣókùnkùn sí i. Àwọn iléeṣẹ́ náà fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wá àwọn tó mọ òfin owó, tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá olè mọ̀ nínú ìwé ìṣírò. Àwọn tó kọ́ Finance ló ń bọ́ sí irú ipò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìjà tó wà láàrin ìpín yìí àti ti àkọ́kọ́ kò tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Àwọn tó ní títì ni yunifásítì

Bí ẹ bá fẹ́ yin ọpọlọ ẹnì kan nílẹ̀ Yorùbá, ẹ óò ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómolú. Kò sẹ́ni tó ń béèrè dìgírì alájọ Ṣómolú. Ìpín tó kẹ́yìn yìí dúró lórí èyí: pé èsúsù, àjọ, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, POS àti ṣíṣẹ́ dọ́là jẹ́ iṣẹ́ owó tó dá dúró, àti pé ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún lè ti ní owó tirẹ̀ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó sin ìlú tán.

Ìṣírò 75 nínú 100 tí a ṣe lókè, alájọ yóò rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́ ọ. Yóò ní òun ló ń rìn dé ìsọ̀ ìyá alátà, pé obìnrin náà kì í fi ọjà sílẹ̀ lọ tò ní báńkì, pé bí wàhálà bá dé láàrin oṣù òun máa ń fún un lówó ṣáájú. Kò purọ́. Finance lè sọ iye tí iṣẹ́ náà ń náni. Kò lè sọ pé kò yẹ kí èèyàn san án. Ìmọ̀ nípa ẹni tó ṣeé yá lówó, tí alájọ fi ojú àti ẹsẹ̀ kó jọ, àwọn iléeṣẹ́ inú fóònù ń ná owó ńlá láti rí i.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ títì kò ní ààbò. Ní March 2024, CBN gba ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ ṣíṣẹ́ owó 4,173 lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní owó ìpìlẹ̀ 500 mílíọ̀nù naira, tàbí bílíọ̀nù méjì fún ìpele tó ga. Ní December ọdún kan náà, wọ́n fi òdiwọ̀n sí POS: 100,000 naira ni oníbàárà kan lè gbà lójúmọ́, 1.2 mílíọ̀nù sì ni gbogbo owó tí oní-POS lè san jáde. Alájọ tó bá sá lọ, tàbí tí wọ́n jà lólè, owó oníbàárà ti lọ nìyẹn, NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, kò sí níbẹ̀. Kò sì sí agbanisíṣẹ́ tó ń dá owó ìfẹ̀yìntì fún alájọ fúnra rẹ̀.

Ohun tí kò tíì yanjú

Èrò tèmi ni pé bí ọmọ bá mọ ìṣirò, tó sì ní ìdí owó kan pàtó lọ́kàn, Finance tàbí Accounting pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kan ṣoṣo ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Bí kò bá tíì mọ ibi tó ń lọ, ìpín kejì kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀ràn kan wà tí kò sí ìpín tó lè dá wọn yanjú.

Ọ̀kan ni iye ipò tí yóò kù. Nígbà tí Soludo, tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà náà, ní kí báńkì ní owó ìpìlẹ̀ 25 bílíọ̀nù naira, báńkì 89 di 25 nígbà tí 2005 fi parí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì lọ sílé. Ìlànà tuntun tí CBN gbé jáde ní March 2024, tó ní 500 bílíọ̀nù fún báńkì tó ń ṣòwò dé òkèèrè, 200 fún ti orílẹ̀-èdè, 50 fún ti agbègbè, tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ 31 March 2026, ó lè mú kí ilé kéré sí i tàbí kó mú kí èyí tó kù gbòòrò. Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn: iṣẹ́ tí ọmọ tuntun fi ń kọ́ṣẹ́, bíi yíyẹ ìwé ẹ̀yáwó wò, ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ń gbà.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù lójú mi. Nínú gbogbo ìjíròrò yìí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tó wọ báńkì ti di òṣìṣẹ́ báńkì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dá wa lóhùn lẹ́yìn gíláàsì jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàkì tí iléeṣẹ́ agbanisíṣẹ́ kan rán wá, aṣọ báńkì ni wọ́n wọ̀, ìwé iṣẹ́ wọn kò sí ní báńkì. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NUBIFIE àti ASSBIFI ti ń bá a jà tipẹ́. Ní May 2020, nígbà kòrónà, CBN ní kí báńkì kankan má dá òṣìṣẹ́ dúró láìgba àṣẹ, èyí kò sì yí ìlànà kọ́ńtíráàkì padà. Ẹ̀kọ́ wo ló ń mú ọmọ bọ́ sínú ilé, èwo ló ń fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Báńkì ní àkọsílẹ̀ ẹni tí wọ́n gbà, ohun tó kọ́ àti irú ìwé tí wọ́n fún un. CBN láṣẹ láti béèrè rẹ̀, CIBN náà lẹ́nu níbẹ̀. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún, báńkì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí fọ́ọ̀mù JAMB tó jáde.